Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Ètò Ẹ̀kọ́ Orin Agbègbè Wa: Ẹ Dá Euphonium Àwọn Ọmọ Padà

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí ìgbìmọ̀ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà yìí ti wà lórí tábìlì yín láti ọjọ́ Ajé. Èyí tí mo kọ ní Yorùbá yìí, ti àwọn òbí ni: àwọn ìyá àti bàbá tó ń gbọ́ èdè wa, tí ọmọ wọn wà nínú báńdì àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n gbé ìwé yín wá bá mi pé kí n bá àwọn wò ó, kí ló ń sọ gan-an. Mo kà á fún wọn. Ìgbà tí mo kà á tán ni ìbínú tó dé.

Ìwé náà kò gùn. Ẹ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, ẹ kò ní sanwó olùkọ́ fún euphonium, baritone àti túbà, àwọn fèrè idẹ ńlá tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀, mọ́. Ẹ ní kí àwọn ọmọ tó mú irú fèrè bẹ́ẹ̀ lọ sílé dá a padà, kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ orin bọ́ sí kíbọ́ọ̀dù tàbí gìtá. Ìdí tí ẹ fún wọn ni pé kò sí ọ̀nà àtijẹ nínú euphonium, àti pé kò yẹ kí a fi owó ìlú tọ́ ọmọ sí ọ̀nà tó dí níwájú. Gbólóhùn kan péré ni ẹ fi sọ ọ́. Ọdún 31 ni mo fi fọn euphonium kejì nínú báńdì onífèrè idẹ. Nínú ọdún 31 yẹn, mo fi 28 wa bọ́ọ̀sì. Mo rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dá gbólóhùn kan yẹn lóhùn.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fara mọ́ ibi tí ẹ ti sọ òótọ́, kí ẹ má baà ní mo ń tan àwọn òbí. Ọ́kẹ́sítírà kì í ní àga olówó oṣù fún euphonium. Tùráńpẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, tọ̀ròǹbóònù wà níbẹ̀. Túbà, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Berlin ní 1835, rí àga ophicleide, fèrè idẹ àtijọ́ kan tó ń kógbá wọlé, jogún. Tiwa ló dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹran tán. Nǹkan bí ọdún 1843 ni Ferdinand Sommer gbé irú fèrè yìí jáde ní Weimar, àsìkò kan náà tí Adolphe Sax ń kó saxhorn, ìdílé fèrè idẹ tirẹ̀, jọ ní Paris. Àwọn tó ń kọ orin fún ọ́kẹ́sítírà nígbà náà ti mọ iye ẹni tí wọ́n fẹ́ rí níwájú wọn. Orúkọ tí wọ́n fún un, inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni olóhùn dídùn. Ohùn dídùn kò fún un ní àga.

Àwọn òǹkọrin kan ṣì máa ń rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Richard Strauss pe ohùn rẹ̀, ó pè é ní túbà tẹ́nọ̀. Janáček pe méjì pọ̀. Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí, ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ọ́kẹ́sítírà kan tí n kò ní dárúkọ ní kí n wá fọn túbà tẹ́nọ̀ nínú The Planets tí Gustav Holst kọ. Mo gba ìsinmi ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Nínú Mars, apá àkọ́kọ́ orin náà, níbi tí ogun ti gbóná, mo fọn ohùn mi jáde, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Nígbà tí Venus bẹ̀rẹ̀, mo gbé fèrè lé itan, mo ń gbádùn orin bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tí wọ́n fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò gba irú rẹ̀ rí nídìí orin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún fẹ́ fọn orin náà. Wọ́n gbé ohùn mi fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọn tọ̀ròǹbóònù fún wọn, torí owó oṣù tiẹ̀ ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀. (Holst fúnra rẹ̀, tọ̀ròǹbóònù ló fọn jẹun nígbà kan, nítorí náà mo ti dárí jì wọ́n.) Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín, ara mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

2. Ṣùgbọ́n "kò pọ̀" àti "kò sí" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Báńdì ológun ń gba afọn-euphonium síṣẹ́, pẹ̀lú owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Lóòótọ́, báńdì ológun ilẹ̀ Britain dín kù gan-an nígbà àtúntò tó bí Corps of Army Music ní 1994. Ilé ẹ̀kọ́ wọn náà kó kúrò ní Kneller Hall, níbi tó ti wà láti 1857, lọ sí Portsmouth ní 2021. Ó dín kù, kò kú. Ní Amẹ́ríkà, báńdì Marine tó ti wà láti 1798, tó ń fọn fèrè fún ààrẹ, ní àga euphonium, àwọn tó sì ń du àga náà máa ń pọ̀. Brian Bowman, tóun náà jẹ́ ọmọ báńdì ológun, gbé euphonium nìkan wọ Carnegie Hall ní 1976, kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Steven Mead ti gbé e yí ayé ká, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Royal Northern College of Music ní Manchester. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Robert àti Nicholas Childs, ọmọ Wales; láti ìdí euphonium ni wọ́n ti dìde di olùdarí báńdì, Robert ní báńdì Cory, Nicholas ní báńdì Black Dyke. David, ọmọ Robert, gbé euphonium dé àṣekágbá ìdíje BBC Young Musician ní 2000.

Bí ẹ bá ka orúkọ tí mo dá yìí, kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ó yé mi. Ẹ wá bá mi ka ọmọ tí yóò fi gìtá tí ẹ ní kí wọ́n bọ́ sí jẹun.

3. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí jù nìyí. Owó oṣù ni ẹ fi wọn ìgbésí ayé ẹni tó ń fọn euphonium, ẹ wò ó, kò kún òṣùwọ̀n, ẹ dà á nù. Báńdì onífèrè idẹ kì í sanwó oṣù. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìdíje tí wọ́n ń pè ní British Open bẹ̀rẹ̀ ní Belle Vue, Manchester, ní 1853, àwọn tó wá fọn fèrè níbẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ àṣelàágùn kí wọ́n tó gbé fèrè. Ní 1855 ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ John Foster gba báńdì Queensbury mọ́ra, tó di Black Dyke. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Awakùsà, ahunṣọ, lónìí nọ́ọ̀sì, olùkọ́, awakọ̀. Nígbà kan, bí o bá mọ fèrè fọn dáadáa, ọ̀gá ilé iṣẹ́ á wá iṣẹ́ fún ọ kó lè rí ọ nínú báńdì rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìgbà kan wà tí euphonium ń wáṣẹ́ fún ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ. Kọ̀nẹ́ẹ̀tì kẹta, fèrè idẹ kékeré, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 10 ni mí. Nígbà tí mo pé 13, dókítà eyín fi irin to eyín mi, ẹnu kékeré tí kọ̀nẹ́ẹ̀tì ní sì di ìyà: bí mo bá fọn nóòtì tó ga, ẹ̀jẹ̀ á yọ ní ètè. Olùkọ́ wa kò ní kí n lọ kọ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó gbé baritone lé mi lọ́wọ́ pé ẹnu èyí tóbi, kò ní fi ara nira fún mi. Láti baritone ni mo ti dé euphonium kejì, ibẹ̀ ni mo sì gbé títí irun mi fi funfun. Mo jókòó sórí àga euphonium àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, gbogbo rẹ̀ torí pé ẹni tó ni àga náà ń ṣàìsàn.

Àwọn tí kò mọ báńdì máa ń káàánú mi tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó jẹ́ "kejì" fún ọdún 31, nǹkan kò ṣẹnuure fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí euphonium kejì ń ṣe. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ló ń dá orin fọn. Òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n tí orin gígùn bá dé, tí olùdarí kò fẹ́ kí ohùn já, àwa méjèèjì la ni ín. Bí òun bá ń mí, èmi ń fọn. Bí mo bá ń mí, òun ń fọn. Ẹni tó ń gbọ́ wa á rò pé ènìyàn kan tí kì í mí ló jókòó síbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rin kí èmi àti ẹni náà tó mọ ara wa débi tí a kì í wo ojú ara wa mọ́ ká tó mí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi níbi ìsìnkú rẹ̀ pé lójú oorun, ó máa ń mí bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Mo mọ ẹni tó ń dúró dè.

Ẹ wá wo ọjọ́ ìdíje. Báńdì bí ogún á péjọ, orin kan náà ni gbogbo wọn máa fọn, tó máa ń tó ìṣẹ́jú 15. Ìbò la ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa ṣáájú. Inú àpótí tí wọ́n fi aṣọ bò ni àwọn adájọ́ wà, wọn kò rí ẹni tó wà lórí ìtàgé, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó ń fọn pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ta ni bàbá rẹ, níbo lo ti wá. Mo ti dúró níbi púpọ̀ láyé mi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo ojú mi kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn aṣọ yẹn, etí nìkan ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí òbí àwọn ọmọ wa.

Àwọn tó ń kọ orin fún wa kì í ṣe ọmọdé. Holst kọ orin ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1928, Elgar kọ tirẹ̀ ní 1930. Ní 1972, Joseph Horovitz, tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Vienna ní 1938 nítorí àwọn Nazi, kọ concerto, orin tí ẹnì kan ń dá fọn tí àwọn yòókù ń gbè é, fún euphonium pẹ̀lú báńdì onífèrè idẹ. Trevor Groom ló kọ́kọ́ fọn ọ́n, ní Royal Albert Hall. Ẹ wá apá kejì orin náà gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, kí ẹ tún ìwé yín kà lẹ́yìn rẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ yìí kan ètò ẹ̀kọ́ gan-an, ó sì dà bíi pé kò sí ẹni tó mọ báńdì nínú yàrá tí ẹ ti ṣèpinnu. Ẹ rò pé kọ̀nẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan, euphonium jẹ́ òmíràn, pé ẹ lè gé ọ̀kan kí èkejì máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú báńdì irú tiwa, láti kọ̀nẹ́ẹ̀tì kékeré dé túbà tó tóbi ju ọmọ lọ, yàtọ̀ sí tọ̀ròǹbóònù báàsì àti àwọn ìlù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń kọ orin gbogbo wa sórí ìwé. Ìka tí ọmọ fi ń tẹ nóòtì lórí kọ̀nẹ́ẹ̀tì, òun náà ló máa fi tẹ ẹ́ lórí tenor horn, lórí baritone, lórí euphonium, lórí túbà. Àtẹ̀gùn ni. Ọmọ tí ètè rẹ̀ kò bá ẹnu kékeré mu, tí eyín rẹ̀ ń yí padà, tí èémí rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kọ̀nẹ́ẹ̀tì lè gbà lọ, ìgbésẹ̀ kan ló máa gbé, kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti orí A B D. Àwọn tó ṣètò yìí nígbà láéláé kò ní ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí ẹnì kan bá kú sínú kòtò èédú lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ ti gé ìdajì àtẹ̀gùn náà, apá ìsàlẹ̀. Ọmọ tí kọ̀nẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ ọ́ báyìí, ilé ló ń lọ.

Ẹ tún ń sọ̀rọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì nínú ìwé yín, pé ẹ fẹ́ kí orin máa bá a rìn. Ẹ gbé euphonium kan jáde látinú yàrá ìkẹ́rù yín, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ọ̀pá rẹ̀, tí ẹ bá tú u nà, tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ti ń lọ sí ẹnu rẹ̀ ńlá. Ìfẹ̀ yẹn ló fún un ní ohùn rírọ̀ tí baritone kò ní. Fáàfù kọ̀ọ̀kan tí ìka bá tẹ̀ ń fi gígùn kún ọ̀pá náà kí ohùn lè lọ sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí a bá tẹ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, gígùn tí wọ́n fi kún un kì í tó, ohùn á ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. David Blaikley, tó ń bá ilé iṣẹ́ Boosey ṣiṣẹ́, rí ojútùú sí i ní 1874: ó mú kí afẹ́fẹ́ tó ti gba fáàfù kẹrin kọjá tún padà gba inú àwọn yòókù, kó wọ àwọn ọ̀pá kéékèèké tó wà lẹ́yìn wọn, tó ń dí àlàfo náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe euphonium tó dáa títí dòní nìyẹn. Ọmọ ọdún 12 kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá, ó fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ti gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Ènìyàn bíi 25 ló ń fọn fèrè nínú báńdì tó bá pé, méjì nínú wọn ni euphonium. Bí ẹ bá yọ méjì yẹn, kì í ṣe 23 ló kù. Àwọn ni olórí elégbè. Àwọn ló ń dá kọ̀nẹ́ẹ̀tì lóhùn, àwọn ló ń so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ fetí sí báńdì àwọn ọ̀dọ́ wa báyìí tí ẹ ti kó wọn lọ. Ó ń dún bí ilé tí wọ́n kó àga inú rẹ̀ jáde.

6. Ọ̀rọ̀ dúkìá. Fèrè 11 ni ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ: euphonium mẹ́rin, baritone mẹ́ta, túbà mẹ́rin. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ tà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mẹ́fà nínú wọn kì í ṣe tiyín. Báńdì awakùsà kan tó tú ká nígbà tí wọ́n ti kòtò èédú wọn ló fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ agbègbè yìí. Owó kékeré tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ awakùsà kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi rà wọ́n. Ìwé tí wọ́n fi kó wọn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé báńdì wa. Ó sọ pé ọwọ́ ọmọ ni kí wọ́n wà, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà wọ́n. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kejì ni kí ẹ wò. Euphonium tuntun tó dáa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò lè rà á, ìdí nìyẹn tí báńdì fi máa ń ra fèrè fúnra rẹ̀ kó sì yá ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ayébáyé. Tí ẹ bá tà wọ́n, owó tí ẹ máa rí kò ní ra ìdajì wọn padà.

7. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ní oṣù kẹwàá 1992, ìjọba Britain kéde pé òun máa ti ibi ìwakùsà 31. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí báńdì Grimethorpe Colliery fi gba ipò kìíní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kòtò èédú tiwọn. Báńdì náà ṣì ń fọn. Ní 2018, BBC Radio 2 dá Listen to the Band, ètò orin báńdì rẹ̀, dúró. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Music Hub, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀kọ́ orin àwọn ọmọ, tó jẹ́ 116 ní England di 43. Ọ́fíìsì tó mọ orúkọ báńdì kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ wá di ọ́fíìsì tó jìnnà tó wákàtí kan àti àbọ̀ lórí bọ́ọ̀sì (mo mọ̀, èmi ni mo wà á). Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yẹ kó tún máa bi ẹni tó wà níta pé kí ló dé tí kò wọlé.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín, ọ̀gá, kò ju mẹ́rin lọ. Kí ẹ dá fèrè 11 náà padà kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má ta èyíkéyìí nínú wọn títí agbẹjọ́rò yín yóò fi ka ìwé àwọn awakùsà. Kí ẹ dá owó olùkọ́ fèrè ìsàlẹ̀ padà, ó kéré tán fún ọdún méjì. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, mo sì ti bá àwọn méjì tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn máa gba iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀. Ìkẹrin, kí ẹ tún ìwé kọ sí àwọn òbí, kí ẹ mú gbólóhùn kan yẹn kúrò. Kì í ṣe pé kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ló kà á. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé mo fi ayé mi ṣòfò. Ó béèrè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni, "Bàbá, ẹ má bínú o," ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ yín tó ṣí fún aráàlú ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ sí òní. Èmi àti òbí 14 ti forúkọ sílẹ̀ láti wá. A kò ní pariwo. A máa gbé kọ̀nẹ́ẹ̀tì kan wá, ká lè fi ọ̀rọ̀ ìka tí mo sọ lókè hàn yín, bí ẹ bá fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún 12 tí mo ní ó ṣàlàyé ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún mi wá síbi ìdánrawò láìní fèrè. Ó gbé àga rẹ̀ sí ibi tó máa ń gbé e sí, ó ṣí ìwé orin rẹ̀, ó jókòó. Ní gbogbo ìgbà tí a ń fọn, ó ń fi ìka mẹ́ta tẹ orúnkún rẹ̀, ó ń mí níbi tó yẹ kó mí. Fèrè rẹ̀ ni èyí tí ẹnu rẹ̀ ńlá tẹ̀ díẹ̀ lápá òsì. Tí ẹ bá wọ yàrá ìkẹ́rù yín, ẹ máa rí i. Ago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Afọn-euphonium kejì